Kì í Ṣe Wọ̀bìà, Ebi Ni

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 21 ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kì í jẹ oúnjẹ gidi. Ṣáwámà, bisikíìtì, núdùsù, mínírà, òun náà nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ lẹ́pa ni, kò sí aṣọ tí kì í bá a mu. Èmi náà wá ń ṣe bíi tiẹ̀. N kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí n lè ráyè jẹ ohun tó wù mí lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti já ọ̀rá bisikíìtì kan, ọwọ́ mi kì í dúró mọ́. Màá jẹ ẹ́ tán, màá kán búrẹ́dì, màá po mílíìkì, màá tún máa wá nǹkan mìíràn kiri. Lẹ́yìn náà, màá lọ bì í. Nígbà mìíràn, tíì tó ń fọ inú ni mo máa ń mu. N kò sanra, n kò sì rù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo wà nílé, màmá mi rí i pé búrẹ́dì ń tán lóru, ó ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, kí n lọ gbààwẹ̀. Ṣé lóòótọ́ lèèyàn lè máa jẹ jọ́ǹkì kó má sanra? Kí ni ọ̀rẹ́ mi ń ṣe tí èmi ò mọ̀? Àbí wọ̀bìà ni mí?”

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Ìbéèrè mẹ́ta lo to sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó wúwo jù nínú rẹ̀ kò ní àmì ìbéèrè nídìí. O kàn fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò òjò: “Lẹ́yìn náà, màá lọ bì í.” Màá padà síbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè, kí o má baà ní Àǹtí ti gun orí àga ìwàásù.

Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè máa jẹ jọ́ǹkì kó má sanra. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ oúnjẹ, n kò ní torí pé mo fẹ́ kí o jẹ ẹ̀fọ́ kí n wá purọ́ fún ọ. Lọ́dún 2010, Mark Haub, olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní Kansas State University ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jẹ kéèkì oníkírímù inú ọ̀rá, ṣípúsì àti bisikíìtì, ó sì rù. Ohun tó fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé bí gbogbo ohun tó wọlé bá kéré sí ohun tí ara ń ná, ara á fà, ìbáà ṣe kéèkì, ìbáà ṣe ẹ̀wà. Mo mọ ìwọ̀n tó ń jẹ lóòjọ́, mo mọ iye kílò tó sọ nù, ṣùgbọ́n n kò ní kọ méjèèjì síbí, torí mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé ìtàn yìí kiri kì í sábà fi kún un pé ó ń lo oògùn fítámì lójoojúmọ́, ó ń mu pòròtéènì, ó sì ń jẹ ewébẹ̀ díẹ̀ mọ́ kéèkì náà. Àgbà ọkùnrin tó ti sanra díẹ̀ ni kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà sì pé, ó ṣíwọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò pidán kankan. Ṣáwámà lo rí. Ṣé o rí ìyókù ọjọ́ náà?

Ẹ̀gbọ́n kan mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá mi nígbà kan, ó ní ọmọ yìí ń jẹ jọ́ǹkì bí ẹni tí wọ́n fi bú, kì í sì í sanra, bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ojú ìwé kan kò kún. Ọjọ́ Ajé: sọ́séèjì róòlù kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó jẹ ìdajì, ó ti ìyókù bọ báàgì. Mínírà kan, láti aago kan ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti gbóná kó tó tán. Ṣáwámà kan láago mẹ́jọ alẹ́, ó ṣí i, ó jẹ inú rẹ̀, ó kó búrẹ́dì rẹ̀ dànù. Ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ìwé náà lórí tábìlì mi, ó ní, “Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ!” Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ ló wà.

Ìdáhùn tó pọ̀ jù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ lẹ́pa tó ń jẹ ṣáwámà, kò jẹ iyán kó tó fi ṣáwámà lé e. Ṣáwámà ni iyán. Nígbà tí mo fa ìpéǹpéjú ọmọ yẹn wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Aṣọ ń bá òun náà mu o.

Ara kò sì dọ́gba. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, Claude Bouchard, kó Táíwò méjìlá àti Kẹ́hìndé wọn jọ, gbogbo wọn jẹ́ irú èyí tí ìyá wọn gan-an lè ṣi pè, ó sì fún wọn ní oúnjẹ kọjá ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 84. Ìwọ̀n àlékún kan náà ni gbogbo wọn jẹ. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1990, àwọn kan fi kílò mẹ́rin àti díẹ̀ kún, àwọn mìíràn fi ju mẹ́tàlá lọ. Ṣùgbọ́n bí Táíwò bá fi díẹ̀ kún, Kẹ́hìndé rẹ̀ náà á sún mọ́ ọn. Bí ó bá fi púpọ̀ kún, Kẹ́hìndé á tẹ̀lé e. Ìdílé ni. (Ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa ní Igbó-Ọrà kì í ṣe irú èyí, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ní 1999, James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, náà fún èèyàn 16 ní oúnjẹ àlékún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó kó ọ̀rá jọ jù kó ju kílò mẹ́rin, ẹni tó kó kéré jù kò kó ìdajì kílò. Kì í ṣe pé àwọn tí kò sanra lọ ń sáré. Ara wọn kàn ń yí kiri fúnra rẹ̀: wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wọn kò sì mọ̀. O kò lè yá ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ lò.

Àìsàn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹun dáadáa tó sì ń rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó kọrí sí, kì í ṣe kó máa gba oríyìn: ó lè jẹ́ ọ̀fun rẹ̀ ni gẹ̀gẹ̀ ti ń dà láàmú, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ó sì ku ọ̀nà kan. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń sùn lórí búńkì kan náà kò mọ̀. Ta ló wá sọ fún ọ pé ìwọ mọ tirẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí òun náà máa wò ọ́ bí o ṣe ń ṣí ọ̀rá bisikíìtì láago mẹ́wàá alẹ́, kó máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ọmọ yìí ń ṣe tí òun ò mọ̀.

Ní ti pé kí èèyàn wà ní tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rá lè wà yí ẹ̀dọ̀ ká kó má hàn lápá. Mo ti rí lẹ́pa tí ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ti rí oròbó tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ bí omi. Ìwọ̀n tó wà lórí òṣùwọ̀n kò sọ ohun tó ń lọ nínú èèyàn, kò sì lè sọ ohun tí ẹni náà san kó tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ bisikíìtì. O ní ọwọ́ rẹ kì í dúró bí o bá ti já ọ̀rá rẹ̀. Apá kan nínú èyí, ẹni tó ṣe bisikíìtì ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gba 20 èèyàn sínú ilé ìwòsàn fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ ilé iṣẹ́, inú ọ̀rá àti inú agolo; ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n sè láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú oríṣi oúnjẹ méjèèjì ṣe déédéé, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ bó ṣe wù ú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: pẹ̀lú oúnjẹ ilé iṣẹ́, àwọn èèyàn kan náà yìí ń fi nǹkan bíi kálórì 500 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) lé ohun tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kíákíá, torí ó rọ̀, kò gba ìjẹ. Kò sí wọ̀bìà kankan láàárín wọn. Oúnjẹ náà kàn máa ń yọ́ kọjá kí ikùn tó ráyè sọ pé ó tó.

Kí n má gbàgbé, àkàrà kì í ṣe jọ́ǹkì. Mo gbọ́ tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pe gbogbo ohun tó bá ti kan epo ní jọ́ǹkì. Ẹni tó pín oúnjẹ sí ìpele mẹ́rin tí ayé ń lò lónìí, Carlos Monteiro ti São Paulo ní Brazil, ohun tó ń wò ni bí ilé iṣẹ́ ṣe tú oúnjẹ palẹ̀ tó, tí wọ́n tún fi àwọ̀, òórùn àti èròjà tí kò sí ní ilé ìdáná ẹnikẹ́ni tò ó padà. Ẹ̀wà tí ìyá alákàrà bó, tó lọ̀, tó fi ata àti àlùbọ́sà sí, tó sì dín lójú rẹ ní kùtùkùtù, kò sí nínú ìyẹn. Àkàrà kan náà yìí ni àwọn ìyá ń dín ní Bahia, ní Brazil náà, tí wọ́n ń pè ní acarajé. Màá tún nílò àkàrà yìí kí n tó parí.

Ó wá ku ebi.

Ka lẹ́tà rẹ padà. O kì í jẹ láàárọ̀. O kì í jẹ lọ́sàn-án. Lálẹ́, ọwọ́ rẹ kì í dúró. O wá pe ara rẹ ní wọ̀bìà. Wọ̀bìà ni ẹni tó yó tó tún ń nawọ́ sí àwo ẹlòmíràn. Ìwọ ò tíì yó láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ìparí 1944, nígbà ogun àgbáyé kejì, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota gba ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí orí wọn pé, tí wọ́n fínnúfíndọ̀ fi ara wọn sílẹ̀ fún ìwádìí. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n á ṣe bọ́ àwọn tí ebi ogun ń pa ní Yúróòpù. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ di lẹ́pa, kò sí dígí lọ́rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn. Ọkùnrin tí kò dé ilé ìdáná rí ń kó ìwé ìsebẹ̀ jọ, ó ń kà á lóru. Wọ́n ń lá àwo. Wọ́n ń fi wákàtí méjì jẹ oúnjẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má baà tán. Wọ́n ń bínú, wọ́n ń dá jókòó, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò wọ etí wọn mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá Minnesota sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn kan ń jẹ títí ikùn wọn fi ń dun wọ́n, wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn. Ó pẹ́ kó tó lọ.

Ohun tó ń ṣe ọ́ láago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn. Ara rẹ kò mọ̀ pé aṣọ lo fẹ́ kó bá ọ mu. Ìyàn ló rò pé ó mú. Bisikíìtì ló sì wà nítòsí. O bì í, ikùn tún ṣófo, ojú ń tì ọ́, o búra pé o ò ní fẹnu kan nǹkan lọ́la. Ìbúra yẹn ló ń pe alẹ́ ọ̀la wá. Gbogbo èèyàn máa ń rò pé jíjẹ ni ìṣòro, pé ààwẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ààwẹ̀ ọ̀sán lo ti ń gbà láti ọjọ́ yìí, òun ló sì bí jíjẹ òru.

Ní ti èébì àti tíì, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí èèyàn bá bì, kì í ṣe gbogbo ohun tó jẹ ló ń jáde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kọjá lọ. Tíì tó ń fọ inú kò tilẹ̀ débẹ̀ rárá: ìfun kékeré ni ara ti ń gba oúnjẹ sẹ́jẹ̀, ìfun ńlá sì ni ewé senna inú tíì yẹn ń ru sókè (ìbátan àsúnwọ̀n wa ni). Nígbà tí o bá fi ń sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, bisikíìtì ti wọlé tipẹ́. Omi lo ń yà dànù. Òun ló ń mú kí òṣùwọ̀n fà sílẹ̀ láàárọ̀, tí yóò sì padà bí o bá ti mumi. Kì í ṣe omi nìkan ló ń bá a lọ o. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium, òun ló ń jẹ́ kí ọkàn lù bó ṣe yẹ. Èébì ń kó o lọ, ìgbẹ́ gbuuru ń kó o lọ. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè ṣi ìlù, ó sì lè dúró, nínú ẹni tó rẹwà, tí kò rù, tí gbogbo èèyàn ń kí pé ara rẹ̀ yá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ gbọ́ “n kò sanra, n kò sì rù” bí ẹni pé ó túmọ̀ sí pé kò séwu. Nínú irú àìsàn yìí, ọ̀pọ̀ ni kò rù rárá.

Mo pè é ní àìsàn. Bulimia lorúkọ rẹ̀. Gerald Russell, dókítà ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún 1979. Yorùbá kò tíì fún un lórúkọ, n kò sì ní dá a sọ síbí. Àìlórúkọ yìí sì ń ṣe wá níbi, torí ohun tí kò lórúkọ máa ń sá sábẹ́ ohun tó ní. Mo ti rí i lábẹ́ ọ́lúsà: “Dókítà ní kí n má jẹ ata, torí náà n kò ní jẹun níbí.” Mo ti rí i lábẹ́ jẹ̀dí, níbi tí àgbo ti ń ṣe iṣẹ́ tíì. Ibi tó farapamọ́ sí jù ni ààwẹ̀, torí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ta ló máa bi í pé kí ló dé tí kò jẹun? N kò bá ààwẹ̀ jà. Ìjọ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó ń wọ òṣùwọ̀n láràárọ̀, ta ló ń gbà á fún?

Wọ́n á ní àìsàn òyìnbó ni, pé àwa tí a máa ń sọ fún èèyàn pé “o ti sanra o, ayé ń gbà ọ́” kò lè ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú Fiji rí, nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí ara tó kún ti jẹ́ ẹ̀yẹ bíi tiwa. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga lọ́dún 1995. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Anne Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ń bì torí kí wọ́n má baà sanra. Kò sí ẹyọ kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún béèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní mọ́kànlá. Tẹlifíṣọ̀n kan lásán ni o, ayé fóònù tiyín kò tíì dé.

Lọ́dún 1999, àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìbéèrè márùn-ún jáde tí èmi náà ń lò. Ṣé o máa ń bì torí pé o yó jù tí ara fi ń ni ọ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o kò lè dá ara rẹ dúró mọ́ bí o bá ń jẹun? Ṣé o ti sọ ju nǹkan bíi kílò mẹ́fà nù láàárín oṣù mẹ́ta? Ṣé o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé o rù? Ṣé oúnjẹ ló gba gbogbo ìgbésí ayé rẹ? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, ó yẹ kó rí dókítà. Lẹ́tà rẹ ti dáhùn méjì fún mi, mo sì fura sí ìkẹta.

Ó ṣeé wò. Òun ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù nínú gbogbo ìdáhùn yìí. Ohun àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú tí Christopher Fairburn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi lélẹ̀ yóò yà ọ́ lẹ́nu: wọn kì í kọ́kọ́ ní kí èèyàn má jẹ bisikíìtì. Wọ́n ní kó jẹun àárọ̀.

Nítorí náà, lọ́la, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, jẹun. Àkàrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ògì tàbí búrẹ́dì, dáa púpọ̀. Bó bá jẹ́ núdùsù ló wà, se núdùsù, fọ́ ẹyin sí i, já ẹ̀fọ́ díẹ̀ sínú rẹ̀. Má dúró de ebi. Ebi rẹ ti bàjẹ́ bí aago tí bátìrì rẹ̀ ń kú, kò lè sọ àkókò fún ọ báyìí. Lọ́sàn-án, tún jẹun, ìrẹsì àti ẹ̀wà, àmàlà, ohun tí wọ́n bá ń tà ní kafe. Nírọ̀lẹ́, bákan náà. Láàárín wọn, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni, bisikíìtì, lójú ọ̀sán, nígbà tí nǹkan ti wà nínú rẹ, tí èèyàn sì wà pẹ̀lú rẹ. Má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ láìfẹnu kan nǹkan. Bí o bá sì jẹ àjẹjù lóru tí o sì bì, ìyẹn kò sún oúnjẹ àárọ̀ síwájú. Oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀rù á bà ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ikùn rẹ lè wú, ẹsẹ̀ rẹ lè wú díẹ̀, pàápàá bí o bá dáwọ́ tíì dúró. Omi tí ara ń dì mú ni, á lọ. Gbé òṣùwọ̀n fún ẹni tó máa bá ọ tọ́jú rẹ̀. Bí o bá bì, má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, torí omi kíkan inú ikùn ti sọ eyín di rírọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á máa ha á lọ. Fi omi yọ ẹnu, kí o dúró tó wákàtí kan.

Má sì dá a ṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ní kílíníìkì yunifásítì yín tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọ, kí wọ́n wo potassium rẹ, kí wọ́n sì wo bí ọkàn rẹ ṣe ń lù. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ títí o fi ṣubú, bí àyà rẹ bá ń já wọ̀ọ̀, bí iṣan bá ń fà ọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, má dúró di ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà ọpọlọ ló mọ ìtọ́jú rẹ̀ jù. Mo mọ ohun tó wá sí ọ lọ́kàn: Àró. Gbogbo wa la fi Àró ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, débi pé ẹni tó nílò rẹ̀ á ní òun kì í ṣe wèrè. Láti 1954 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà l'Abẹ́òkúta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti oníṣòwò tí kò rí oorun sùn ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ka yìí wà ní UCH n'Ìbàdàn, ó sì wà ní Yábàá l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n á bá ọ sọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Oògùn wà fún àwọn kan, dókítà ló ń kọ ọ́.

Ní ti màmá rẹ, ẹ̀rù ló ń ba òun náà. Ó rí búrẹ́dì tó ń tán, kò rí ilé ìwẹ̀. Sọ fún un pé ilé ìwòsàn ní kí o má gbààwẹ̀ fún ìgbà kan. Ó kéré tán, àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyókù lè dúró di ìgbà tí o bá lágbára.

Bí o bá dé iwájú dókítà tí ẹnu rẹ kò gbà á, kọ ọ́ sínú ìwé kí o tó kúrò ní yàrá, kí o sì nà án sí i. O lè da èyí kọ bó ṣe wà: “Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń jẹun púpọ̀ lálẹ́, mo sì máa ń bì í fúnra mi. Mo tún ń mu tíì tó ń fọ inú. Ẹ bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ̀n mí níwájú èèyàn.”